Ta Ló De Oníwọ̀n Lóhùn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ohùn Oníwọ̀n kọ́kọ́ sọnù, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, lójú gbogbo ayé.

Ara ọkùnrin náà le koko. Ó ti kọrin nínú balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti bá ẹni tó ń gbálẹ̀ òpópónà ṣàwàdà kó tó dé ibi iṣẹ́. Òun ni òṣìṣẹ́ ètò ilẹ̀ ní káńsù ìlú kékeré kan létí òkun, téèpù ìwọnlẹ̀ kì í sì í kúrò lápò rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Oníwọ̀n. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ òfin tuntun tó fẹ́ gbé ka iwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a bá yọ ti lọ́yà kúrò nínú òfin ọ̀hún, kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tàbí kọ́ ilé nílùú, àfi kó máa gbé inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ti di egbò àdáàjinná fún wọn níbẹ̀. Adúgbò Ìsàlẹ̀ tó kọjú sí omi ní ilé méjìlélọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n lásìkò òtútù, mẹ́sàn-án péré ni iná ń tàn nínú wọn. Àwọn tó ń gbé ìlú ńlá ló ni ìyókù. Wọ́n á wá lo ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ooru, wọ́n á ta kọ́tìnnì, wọ́n á tilẹ̀kùn, ó tún di àmọ́dún. Àwọn ará ìlú sọ wọ́n ní Ẹ̀ẹ̀kan-Lọ́dún. Ilé ìwé ti ku ọmọ mọ́kàndínlógún. Àwọn ọmọ ìlú tó bá gbéyàwó tàbí tó relé ọkọ ń lọ háyà yàrá níbi tó jìn, torí apá wọn ò ká ilé tí wọ́n bí wọn sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Oníwọ̀n obìnrin wà lórí àga ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ìlú ń pè é, torí òun ló ń bá àwọn Ẹ̀ẹ̀kan-Lọ́dún tọ́jú ilé mẹ́rìnlá, á ṣí fèrèsé, á gbá iyanrìn, á ṣí ẹ̀rọ omi kó má baà dípẹtà. Kọ́kọ́rọ́ tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá ń bọ̀, wọ́n á ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i.

Alága ìgbìmọ̀, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Oníwọ̀n, ó yá, ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Oníwọ̀n dìde, ó la ẹnu. Ètè ń lọ, ètè ń bọ̀, kò sóhùn.

Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn, tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù, ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ó fọwọ́ di ọ̀fun mú, ó ju bébà sílẹ̀, ó sì yára jáde lọ síta. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé e. Bí ọkùnrin náà ṣe kọjá lábẹ́ ìlẹ̀kùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àtẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ bú jáde lójijì, ní àárín gbólóhùn:

"...tí àwọn ọmọ wa ò fi rílé gbé!"

Ẹyẹ òkun fò lórí òrùlé. Oníwọ̀n yíjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ mi báyìí?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ mi nínú ilé?"

Obìnrin náà mi orí pé rárá. Ojú àwọn méjèèjì lọ sí ẹnu ìlẹ̀kùn náà, àfi bí ẹni pé ìlẹ̀kùn ń wo àwọn náà padà.

Nínú gbọ̀ngàn, lọ́yà kan ti dìde. Ó ní ìlànà sọ pé ẹni tó kọ òfin ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gbè é, tí yóò dáhùn ìbéèrè. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n da òfin nù. Alága fún Oníwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó gba lọ́yà yẹn jókòó lápá ọ̀tún, ọkùnrin tó ti ra ilé mẹ́fà tó tò léra wọn ní Adúgbò Ìsàlẹ̀, tó fẹ́ wó wọn, kó fi kọ́ ilé alájà mẹ́rin fún àwọn olùgbafẹ́. Ilé tirẹ̀ gan-an wà lórí òkè, ògiri rẹ̀ gíláàsì látòkè délẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Ọ̀gá Gíláàsì. Nígbà tí Oníwọ̀n sáré jáde, gbogbo ojú ló tẹ̀ lé e. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti yíjú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Gíláàsì nìkan ni kò wo ẹ̀yìn. Ó ń rọra ká bébà rẹ̀ sínú àpò.

*

Ilé gíláàsì wà lára ilé mẹ́rìnlá tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń tọ́jú. Ọ̀gá kì í wá lásìkò òtútù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ó ti lo oṣù kan gbáko, kò sì sọ̀rọ̀ àtilọ.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, obìnrin náà gba ẹ̀yìn wọlé, ó bá ife tíì méjì nínú básíìnì ìfọwọ́. Ọ̀gá ní àlejò. Ó yọjú láti ibi tí wọ́n ń kó ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ sí, ó rí ọkùnrin tínínrín kan nínú kóòtù dúdú tó ń mu tíì láìbọ́ ìbọ̀wọ́. Ìgò kékeré kan tí òróró mímọ́ gaara wà nínú rẹ̀ jókòó sórí tábìlì láàárín wọn.

"Ohùn nìkan ni," Ọ̀gá ń sọ. "Mi ò fẹ́ kó kú o."

"Ohùn nìkan náà ni," àlejò dáhùn. "Ẹ gbé ìgò yìí sókè ẹnu ọ̀nà yín. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun tó lòdì sí iṣẹ́ mi wọlé, á sọ fún yín." Ó mu tíì díẹ̀. "Bọ́tìnnì yẹn dáa gan-an. Ó súnmọ́ ọ̀fun."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

Ó mọ bọ́tìnnì náà. Ẹ̀wù funfun tí Oníwọ̀n máa ń wọ̀ lọ sípàdé ni, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ sọnù ní bí oṣù kan sẹ́yìn. Oníwọ̀n kò níyàwó nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a fọ aṣọ, tó ń bá a lọ̀ ọ́. Nígbà tó lọ ẹ̀wù náà tán, tó gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn nílé ara rẹ̀, bọ́tìnnì pé. Nígbà tí Oníwọ̀n wá mú un, bọ́tìnnì ti dín kan. Àbí inú apẹ̀rẹ̀ tó ń gbé lọ sílé gíláàsì ló já sí? Àbí òun alára ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àbúrò rẹ̀ fún wọn?

Ó jáde láìfọ ife. Ní gbogbo ọ̀nà ilé, ó di ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú kó má baà dún.

*

Dókítà fi iná wo ọ̀fun Oníwọ̀n, ó ní kí ó sọ "à," ó sọ "à" tí fèrèsé fi gbọ̀n. Dókítà ní ọ̀fun rẹ̀ dára ju tòun lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Oníwọ̀n wá jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ọkọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà nídìí tábìlì. Kápẹ́ńtà ni, ọkùnrin tó sanra, tó fẹ́ràn àwàdà, tí lẹ́búlẹ́bú igi kì í tán nínú irun rẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kùn tàbí fèrèsé kan tó dára ní Adúgbò Ìsàlẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Oníwọ̀n gbé ṣíbí, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e, ó gbé e sílẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé iyọ̀ ò tó ni?" Kápẹ́ńtà bi í.

"Iyọ̀ tó, bùrọ̀dá." Ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mo tún lọ dán gbọ̀ngàn yẹn wò láàárọ̀ yìí. Mo wọlé, mo la ẹnu, kò sí nǹkan. Mo jáde, mo ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò gba irú nǹkan báyìí gbọ́ tẹ́lẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń ṣe mí, ẹni tó ń ṣe mí ní láti mọ̀ mí. Ta ló mọ̀ mí? Ta ló ń fọ aṣọ mi? Iṣẹ́ ta lẹ sì ń ṣe?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ṣé èmi lò ń bá wí?" ó bi í. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́?"

"Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni."

"Ojú rẹ sọ ọ́."

Ó yẹ kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì fún un níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Bó bá sọ pé nílé òun ni bọ́tìnnì ti kúrò, ta ni yóò gbà pé ọwọ́ òun mọ́? Oníwọ̀n dúpẹ́ oúnjẹ tí kò jẹ, ó sì jáde.

Kápẹ́ńtà fi ọwọ́ gbo ojú. "Àárẹ̀ ni. Ọdún méjì lórí bébà kan, orí ta ni ò ní dàrú? Fi í sílẹ̀. Má sì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alábẹ́rẹ́ o. Arúgbó yẹn á dá kún un ni."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń palẹ̀ àwo mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Kò tíì dárúkọ Ìyá Alábẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

*

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ ń gbé, nínú ahéré onípákó tó ń rùn fún ọ̀dà. Aṣọ ìgbòkun ló ń rán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń wọ̀.

Ó gba ẹ̀wù funfun náà lọ́wọ́ Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó fi ọrùn rẹ̀ súnmọ́ imú. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó yí i sí ọ̀nà tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà bí ẹni tó ń kàwé.

"Wọ́n já a ni. Kò já fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ tó mú dáadáa ni wọ́n fi gé òwú rẹ̀."

"Ọ̀gá Gíláàsì ni, Màmá. Mo fi etí mi gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ pé o gbọ́. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ ẹ. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé." Arúgbó náà ti ń rán nǹkan kan, aṣọ ìgbòkun pélébé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ohun tó kó sínú rẹ̀, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ò rí i, ó kàn rí i pé ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ikùn ẹja. "Fi èyí sábẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ra iṣẹ́ náà. Ohùn àbúrò rẹ á padà wọlé. Ṣùgbọ́n ìdè kì í fẹ́ dúró lásán. Ọwọ́ tó so ó ni yóò padà bá. Èmi ò mọ orúkọ ẹni tó ni ọwọ́. Oògùn mọ̀ ọ́n."

"Kó bá a níbi tó bá wà."

Abẹ́rẹ́ dúró. "Tún un sọ."

 Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rántí ojú àbúrò rẹ̀ lórí oúnjẹ. Ó tún un sọ.

*

Ọ̀sán gangan ló gbé ìdì náà lọ sílé gíláàsì. Ọ̀gá ti sọ pé òun ń lọ bá lọ́yà òun, òun ò ní dé títí di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń ta sára gíláàsì débi pé ojú ò gbà á. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, ilé òfìfo lọ́tùn-ún, ilé òfìfo lósì, gbogbo wọn ta kọ́tìnnì bí ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń sùn.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Ìgò òróró wà lókè ẹnu ọ̀nà lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, òróró náà pọ́n díẹ̀ nísàlẹ̀, ó di pípọ́n bí tíì, ó di dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń gòkè lọ nínú ìgò. Ìdì tó wà nínú ápúrọ̀ọ̀nù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná mọ́ ọn níkùn.

Ó kúnlẹ̀ kíákíá. Ó ká rọ́ọ̀gì ẹnu ọ̀nà sókè, ó rí ibi tí pákó ilẹ̀ ti là.

"Màmá Kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀gá Gíláàsì dúró lókè àtẹ̀gùn, láìwọ bàtà. Kò lọ síbì kankan.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Mo rò pé ẹ ti jáde."

"Mo rí i pé ẹ rò bẹ́ẹ̀." Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. "Kí lẹ gbé wọlé lónìí?"

"Àkísà. Iyanrìn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ jẹ́ n rí àkísà."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ na ọwọ́ òsì sí i pẹ̀lú àkísà ìnulẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ rọ́ọ̀gì. Ó ti ìdì náà sínú ilà pákó, ó sì gbọ́ tó já sísàlẹ̀, kò dún ju bí ìgbà tí èèyàn gbé itọ́ mì lọ. Lókè orí wọn, ìgò sán. Òróró dúdú rọra ṣàn sára ògiri.

Ọ̀gá wo ìgò, ó wo obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Òtútù ló máa ń fọ́ ìgò," ó ní. "Ẹ bá mi nù ún. Ẹ sì bá mi kí Kápẹ́ńtà. Ẹ sọ fún un pé mi ò gbàgbé."

Fèrèsé tuntun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ bá a ṣe ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rò pé ó ń sọ. Ó nu òróró náà tán, ó sì sin àkísà sínú iyanrìn kó tó relé.

*

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún àkúnya. Oníwọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sínú omi tútù. Kò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wọlé, ó wúkọ́.

Ikọ́ náà dún. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀ o," Oníwọ̀n wí, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ débi tí òun fúnra rẹ̀ fi ta gìrì.

Wákàtí kan ló fi sọ̀rọ̀. Ó ka ilé, ó ka iná, ó ka ọmọ ilé ìwé níkọ̀ọ̀kan. Lọ́yà bi í léèrè títí ó fi rẹ lọ́yà. Wọ́n dìbò: èèyàn márùn-ún gbà, mẹ́rin kọ̀. Alága ní òfin ti di òfin.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Gíláàsì ló ń wò. Ó ń retí kí ọkùnrin náà la ẹnu kí afẹ́fẹ́ lásán jáde. Ọ̀gá dìde, ó wọ kóòtù, fóònù rẹ̀ sì dún.

"Hẹ́lò," ó ní, ketekete. "Rárá, wọ́n ti gbà á wọlé. Kò burú. Etíkun ò tán nílé ayé." Ó kọjá lára Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó tẹ orí ba fún un, ó jáde. Ohùn rẹ̀ ń lọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ arúgbó yẹn wá gba etí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bí ìgbátí. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ ẹ.

Kápẹ́ńtà kò sí nínú gbọ̀ngàn. Ó ti sọ láàárọ̀ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí rìn, nígbà tó yá, ó ń sáré.

Ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ayùn ò dún. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí i.

"Bàbá ọmọ mi."

Kò yíjú.

"Bàbá ọmọ mi, dá mi lóhùn."

Ó yíjú. Ó la ẹnu. Ètè ń lọ, ètè ń bọ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú igi tó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Kò lọgun. Ó kàn ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ tó mọ̀ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, bí ẹni pé ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìwọ lo gé bọ́tìnnì."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nítorí kí ni?"

Kápẹ́ńtà mú pẹ́ńsùlù tó wà létí rẹ̀, ó kọ ọ́ sára pákó kan: *Ọ̀gá ní òun á fún ọmọ wa ní ilé kan nínú ilé alájà mẹ́rin. Kó lè padà wálé.*

Ọmọ wọn obìnrin ń gbé níbi tí ọkọ̀ ń fi wákàtí méjì rìn, òun àti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ nínú yàrá kan. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ìlẹ̀kùn sí ilé gbogbo èèyàn, kò rí ọ̀kan ṣí fún ọmọ tirẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mọ èyí. Ó mọ̀ pé bí Ọ̀gá bá kọ́kọ́ wá bá òun, òun náà ì bá jókòó, òun ì bá gbọ́ ọ dópin. Ohun tó dùn ún jù lọ nìyẹn.

"Níbo lo fi í sí?"

*Gbọ̀ngàn. Igi òkè ìlẹ̀kùn tuntun tí mo ṣe síbẹ̀.*

*

Wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo. Kápẹ́ńtà fi irin ìgbẹ́gi rẹ̀ yọ igi náà, ihò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó gbẹ́ dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ tónítóní. Àgádágodo kan tí kò tóbi ju èékánná lọ ló wà níbẹ̀, wọ́n fi òwú dúdú we bọ́tìnnì funfun mọ́ ọn.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ fọwọ́ tọ́ ọ wò, ó fà sẹ́yìn. Ó ní òun ò lè tú u. Ẹni tó so ó ni yóò gbé e lé ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́, kí onítọ̀hún mọ ohun tó gbà, kó sì gbà á. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ìdè náà á wà lára Kápẹ́ńtà títí ayé.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe lọ sílé Oníwọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, inú rẹ̀ ṣì ń dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Mo fura sí yín, ojú ń tì mí."

Kápẹ́ńtà kúnlẹ̀ lórí ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin tó fi ọdún méjìlá ju Oníwọ̀n lọ. Ó na ọwọ́. Ó ṣí i.

Oníwọ̀n wo ohun tó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ náà. "Bùrọ̀dá, kí lèyí? Ẹ sọ̀rọ̀."

"Kò lè sọ ọ́," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Èmi ni yóò sọ ọ́." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, bọ́tìnnì, ilé tí Ọ̀gá ṣèlérí, igi òkè ìlẹ̀kùn. Kò gbè lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, kò sì gbè lẹ́yìn ara rẹ̀.

Oníwọ̀n mú àgádágodo náà. Ó mú un bí èèyàn ṣe ń mú ẹja tó ti jẹrà. Nǹkan kan dún kí-kì, ẹnu àgádágodo ṣí, òwú dúdú sì tú, ó jábọ́. Lórí ilẹ̀, Kápẹ́ńtà mí kanlẹ̀, ohùn kan jáde lọ́fun rẹ̀, ó ha bí ayùn tó bá ìṣó pàdé:

"Má bínú. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ẹ dìde, bùrọ̀dá," Oníwọ̀n wí. "Ó ti tán. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Kò sì fi ẹjọ́ náà sun ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Gíláàsì fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí òfin kò jẹ́ kó kọ́ ilé alájà mẹ́rin yẹn, ó ta ilé mẹ́fà tó rà ní kíákíá, ní owó pọ́ọ́kú, fún ẹni tó bá lè gbé inú wọn. Oníwọ̀n ló bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ lẹ́tà, òun ló bá a dúró níwájú káńsù, òun ló fọwọ́ sí ìwé ilé kẹta.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kó wọlé, ooru mú. Gbogbo wọn jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ọmọ ọwọ́ ń rá lórí koríko. Oníwọ̀n wà níbẹ̀, ó ń ṣàwàdà, ó ń gbé ọmọ sókè, kò sí ohùn tó ròkè ju tirẹ̀ lọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbé ife omi tútù wá fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Lẹ́yìn díẹ̀, ó na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó yọ ìgò omi tó gbé bọ̀ láti ilé, ó ṣí i, ó mu ún.

"Ẹ̀yin náà, kí ló ṣe omi wa?" ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Nítorí ọ̀fun mi."

Kápẹ́ńtà wo ilẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dìde, ó gbé ife náà, ó wọnú ilé, ó sì rọra da omi náà nù.